Ẹja Pupa Ara Ògiri

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: bí ẹja bá wọ́n nínú adágún, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, ẹni náà kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni onígbàjámọ̀ kan tó máa ń fi ìwọ̀ pẹja bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ẹja-Mọ̀-Mí ni ìnagijẹ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ní àwọn ará àdúgbò ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi: àga kan tó ń yí, dígí kan tó ti là nígun, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró. Ṣùgbọ́n lókè dígí náà, níbi tí ojú oníbàárà kò ti lè yẹ̀ ẹ́, fọ́tò kan wà nínú férémù. Ẹja-Mọ̀-Mí ló wà nínú fọ́tò ọ̀hún, omi mu ún dé orúnkún, ó gbé ẹpìyà ńláńlá tó so mọ́ okùn sókè, ikùn gbogbo wọn sì pọ́n dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ wo àwọ̀ wọn,” ni yóò wí bó bá ti gbé abẹ lé oníbàárà lọ́rùn, lásìkò tí onítọ̀hún kò lè mi orí. “Ẹpìyà eléérú ni gbogbo ayé ń pa. Èyí tó bá wọ aṣọ pupa, ọ̀dọ̀ èmi nìkan ló ń bọ̀.”

Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ya fọ́tò yẹn. Lọ́dún tí à ń wí yìí, nǹkan ti yí padà. Adágún tó wà lẹ́yìn ìlú kò jìn, omi rẹ̀ a sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n gbé kúrò lórí iná tipẹ́. Ẹja-Mọ̀-Mí á jókòó sétí rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, títí ekòló orí ìwọ̀ náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ. Bó bá wá gbé nǹkan bọ̀ wálé, ẹja kan tí kò gùn ju ìyarun ni.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Oníbàárà kan béèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ẹja ṣì mọ̀ yín, àbí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì?” Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n gbàgbé pé dígí wà níwájú onígbàjámọ̀, kò sì sí ẹ̀rín tó sá pamọ́ fún dígí. Oníbàárà náà lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ orí méjì tí kò dọ́gba.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹja-Mọ̀-Mí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí ẹja bá mọ̀ ọ́n, tí wọn kò sì wá, a jẹ́ pé ẹnìkan ló dì wọ́n mú. “Ìfura loògùn àgbà,” ni ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì ń lo oògùn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, láìwọ̀n ọ́n.

Ó kọ́kọ́ fura sí àwọn tó ń fọ aṣọ lókè omi. Ó tún fura sí àwọn àlejò kan tó kọjá lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìfura kì í gbádùn ẹni tó jìnnà. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa ń fẹ́ bá gbé. Kò pẹ́ tó fi rí ibi bà lé: ó bà lé káfíńtà, àbúrò ìyàwó rẹ̀.

Káfíńtà yìí ní ahéré kan létí adágún. Níbẹ̀ ló ti ń gbẹ́ àjẹ̀, tó ti ń kan ọkọ̀ pẹlẹbẹ fún àwọn apẹja, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ẹja-Mọ̀-Mí rí i tó ń wa ọkọ̀ lọ sí òdìkejì omi pẹ̀lú ẹrù kan lábẹ́ tapólì. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ju ẹrù náà sómi gbàà, ó sì padà lófìfo. Lọ́sẹ̀ kejì, ohun kan náà ló tún ṣe.

Ẹja-Mọ̀-Mí lọ bá a ní ahéré rẹ̀, ó bi í pé kí ló ń jù sómi.

“Igi ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Irú igi wo?”

“Igi lásán.”

“Kí ni igi lásán ń wá nínú omi?”

Káfíńtà fẹ́ eérún igi kúrò lójú ayùn rẹ̀. “Ẹ bá mi jẹ́ kó ṣì máa jẹ́ igi lásán.”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ẹja-Mọ̀-Mí fi máa délé, igi lásán ti di májèlé lọ́kàn rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń ká aṣọ gbígbẹ lórí ibùsùn. Ìyàwó kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Àbúrò tèmi? Èyí tó máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìṣó kó tó kàn án?”

“Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ni kéèyàn máa ṣọ́.”

“A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ẹ̀yin láéláé.” Ó gbé aṣọ tó ká sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá wò ó lójú. “Bàálé mi, bí ẹ bá lé e kúrò létí omi yẹn, oúnjẹ ẹnu ọmọ rẹ̀ lẹ gbà. Àwọn ọmọ yẹn ń pè yín ní bàbá o.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín inú dígí ti wọ̀ ọ́ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan o, pé ohun tí ojú òun rí lòun ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń dúró de ìgẹrun, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń sanra. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, májèlé ti di pàkúté, pàkúté ti di wáyà iná, àwọn kan tilẹ̀ ti ń bú káfíńtà bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ahéré rẹ̀. Ẹnì kan tó ti ní kó bá òun kan ọkọ̀ ránṣẹ́ pé kó má kàn án mọ́.

Alága ẹgbẹ́ apẹja, dírẹ́bà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, wá pe ìpàdé ní ọ̀sán Sátidé, láti pinnu bóyá kí wọ́n wó ahéré náà. Ẹja-Mọ̀-Mí yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní nítorí bẹ́ǹṣì ni. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé nítorí fọ́tò ni. Alága tún pe obìnrin kan láti ọ́fíìsì adágún, ẹni tí ìjọba gbé wá lọ́dún tó kọjá láti máa yẹ omi àti ẹja wò. Inú Ẹja-Mọ̀-Mí dùn pé ìjọba fúnra rẹ̀ máa gbọ́ ẹjọ́ òun.

Ó sì ro ẹjọ́ náà dáadáa. Ó gbé aṣọ ìgẹrun kọ́ èjìká, ó dúró sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, ó to ohun tó rí lẹ́sẹẹsẹ: ẹrù, tapólì, bí káfíńtà ṣe ń wo ọ̀tún wo òsì. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀. Alága ní kí káfíńtà fèsì. Káfíńtà kọjú sí obìnrin ọ́fíìsì.

“Ẹ rí i?” ni Ẹja-Mọ̀-Mí wí. “Kí ló ń wò ó fún?”

“Àṣírí mi ló ń bò,” ni obìnrin náà dáhùn.

Ó wá ṣàlàyé pé òun ni òun bẹ káfíńtà níṣẹ́. Ẹ̀ka igi tí wọ́n dì pọ̀ tí wọ́n sì rì sísàlẹ̀ omi ni, kí àwọn ọmọ ẹja lè rí ibi sá sí, kí àwọn ẹja ńlá má baà gbé wọn mì. Òun náà ni òun kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ibi tó rì wọ́n sí fún ẹnikẹ́ni, torí pé bí ibì kan bá dára fún ẹja lónìí, lọ́la gbogbo ọ̀pá ìwọ̀ ìlú á ti gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ẹja-Mọ̀-Mí kò tíì gbà. “Mà, adágún tó lẹ́ja lọ́dún kan, tí kò wá ní i lọ́dún míì, ẹnìkan ló tọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga tó ń yí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹja tí ẹ bá gbé jáde lónìí, ọdún méjì sẹ́yìn ló ti ẹyin jáde. Ìgbà yẹn lẹ ó ti lọ wá ẹjọ́ yín.”

Ó fi sùúrù là á fún wọn. Lọ́dún tí òjò bá tètè dé, tí omi gun koríko etí adágún tó sì pẹ́ níbẹ̀, inú koríko yẹn làwọn ọmọ ẹja máa ń sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ á sì yè. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tí kò mọ ìwọ̀ ọ́ so pàápàá á ru ẹja wálé, á sì máa pè é ní ọgbọ́n orí. Lọ́dún tí omi bá fà lójijì nígbà tí wọ́n ń yé, ẹyin á gbẹ sórí iyanrìn. Bí ooru bá pàpọ̀jù, èémí á há fún wọn nínú omi. Ìdí nìyẹn tí ọdún kan kì í fi í rí bí èkejì. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe oògùn.

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn?” ni alága béèrè.

Ohun tó ń dààmú obìnrin náà gan-an nìyẹn. Òun kò tíì dé ìlú nígbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí òun bi ló ní òjò ọdún náà dára, omi sì pẹ́ lórí koríko. Ó yẹ kí ẹja pọ̀ rẹpẹtẹ báyìí. Nǹkan kan ló ṣe ibi tí wọ́n ń yé sí.

Ojú gbogbo tún yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹja-Mọ̀-Mí rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ bi ẹni tó ń gbé etí omi.”

Káfíńtà ní òun kò mọ̀. Ìyàwó onígbàjámọ̀ di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

“Iyanrìn ni wọ́n máa ń yé sí,” ni obìnrin náà wí, “níbi tí omi kò ti kọjá orúnkún, tí ìgbì kì í dé. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ irú ibẹ̀ nínú adágún yìí?”

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ìyìn ń gbẹ, omi kọ́ ló ń wá.

“Ààfin là ń pe ibẹ̀,” ni Ẹja-Mọ̀-Mí wí. “Èmi ni mo rí i. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ.”

Ó sọ bó ṣe já síbẹ̀ nígbà àkọ́rọ̀ òjò lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó bá iyanrìn tí wọ́n gbẹ́ róbótó-róbótó bí abọ́ ìgẹrun, tí ẹja sì dúró lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan láìsá. Ojoojúmọ́ ló ń lọ. Nígbà tó yá, ó kó àwọn ẹgbẹ́ lọ, ó kọ́ wọn níbi tí wọ́n máa jùwọ̀ sí; alága náà wà níbẹ̀, ẹ bi í. Wọn kò fi Ààfin sílẹ̀ títí kò fi sí ẹja kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́. “Kódà bí mo bá ju ìwọ̀ tí kò ní ekòló, wọ́n á gbé e. Ẹ wá sọ fún mi bí kì í bá ṣe pé ẹja mọ̀ mí.”

Alága wúkọ́. Obìnrin náà yíjú sí Ẹja-Mọ̀-Mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ebi kọ́ ló ń pa wọ́n. Ìtẹ́ ni àwọn abọ́ yẹn. Akọ àti abo ló jọ ń ṣọ́ ẹyin wọn, ohunkóhun tó bá wọlé, wọ́n á fẹnu gbé e kí wọ́n lè gbé e jù síta. Òbí tó ń lé olè lẹ rí. Orí ìkúnlẹ̀ lẹ ká wọn mọ́. Bí ẹ bá ti gbé òbí kúrò, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á ti lá ẹyin tán kí ẹ tó tún ìwọ̀ jù.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó kún bẹ́ǹṣì náà ló kún Ààfin nígbà yẹn.

“Ó lè jẹ́ pé àwọn kan ń ṣọ́ ẹyin,” ni Ẹja-Mọ̀-Mí wí níkẹyìn. “Àwọn yẹn á jẹ́ tàwọn ẹlòmíì. Àwọn tèmi, ọba ẹja ni wọ́n. Ẹni tó bá rí wọn á mọ̀.”

Obìnrin náà gbójú sókè díẹ̀, kọjá orí rẹ̀, ó sì tún gbé e wálẹ̀.

Ìpàdé fẹnu kò pé ahéré káfíńtà dúró. Alága tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ẹni tó dá iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ dúró sì ní kó máa kàn án lọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ ní Ààfin mọ́ láti àkọ́rọ̀ òjò títí àwọn ọmọ ẹja á fi tú ká. Ẹja-Mọ̀-Mí náà nawọ́ sí i, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n fi òun ṣe olórí àwọn tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ mú ohun tí wọ́n mú lọ sílé. Bí ẹ bá rí abọ́ róbótó lórí iyanrìn níbi tí omi kò jìn, ẹ yà fún un. Bí ẹja tó ń ṣọ́ ẹyin bá gbé ìwọ̀ yín, ẹ tú u sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kíákíá. Ẹ má ṣán koríko etí adágún, ilé ọmọ ẹja ni. Bí ẹja bá sì wọ́n, kí ẹ tó nàka sí aládùúgbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ adágún bí omi ṣe rí lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Oògùn àgbà ni ìfura lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí a kò bá wọ̀n, ilé ẹni ló máa ń bà jẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, àwọn ènìyàn ti ń dìde nígbà tí ìyàwó onígbàjámọ̀ bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan. Ó ní ẹja ò kúkú lè sọ̀rọ̀. Báwo ni ẹni tó mú un á ṣe mọ̀ pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun ń ṣọ́ ẹyin, kó lè dá a padà?

“Kò le rárá, mà,” ni obìnrin náà fèsì, ó ti ń wọ bàtà rọ́bà rẹ̀. “Eérú ni àwọ̀ ẹpìyà adágún yìí lọ́jọ́ gbogbo. Ìgbà tó bá ń ṣọ́ ẹyin nìkan ni ikùn rẹ̀ máa ń pupa.”