Iye Tí Kò Gòkè Lọ Gbà

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà ní erékùṣù kékeré kan. Ọmọbìnrin kan jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sí àdúgbò orí òkè, ó bọ́ bàtà ilé-ìwé rẹ̀, ó ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti bó.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, ni akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn kan ṣoṣo tí wọ́n ní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà ti dá òun náà dùbúlẹ̀, gbogbo oríkèé ara ń ro ó bí ẹni tí wọ́n gún nínú odó. Òun ló bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí ilé-ìwé bá ti parí, kó máa yí ilé ìtọ́jú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kó gba iye àwọn aláìsàn tuntun, kó sì kó o fún olóòtú. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni iye náà máa ń wà. Òun ni àwọn tó ń fín oògùn ẹ̀fọn ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí ọkọ̀ wọn kan ṣoṣo yóò kọrí sí.

Ó ti dé mẹ́ta, ó ku ti orí òkè. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í gbé fóònù, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Lánàá, aláìsàn méjì ló sọ. Níjẹta náà, méjì.

"Kí ló fẹ́ yí padà lónìí?" ó bi ara rẹ̀. Ó yọ bírò, ó kọ méjì, ó wọ bàtà rẹ̀, ó yí padà.

"Ti òkè ńkọ́?" olóòtú bi í láìgbójú sókè. Ojú bàbá náà ti pọ́n kanlẹ̀. Òun nìkan ló ń kọ ìwé, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó tún ń pín in kiri.

"Méjì ni, sà."

"Ọlọ́run ṣeun. Ó kéré tán, ibì kan ṣì rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, kò tilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn mọ́. Irọ́ àkọ́kọ́ ló ń wúwo lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, olùkọ́ ìṣirò wọn kò wá sí kíláàsì.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?" ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un. "Orí àga ni wọ́n gbé e sí sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè láàárọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú rẹ̀. Àdúgbò wọn ti kún fún ibà, ìwé ìròyìn yín sì ní méjì péré ni!"

Ọmọbìnrin náà kò dúró gbọ́ agogo ìparí. Ó gun àtẹ̀gùn náà láìsinmi. Àwọn aláìsàn wà lórí bẹ́ǹṣì, lórí ẹní, títí dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì rí i, ojú rẹ̀ sì tàn díẹ̀. Ó fa ìwé pélébé mẹ́ta yọ lábẹ́ ife kan.

"Mẹ́sàn-án. Mẹ́rìnlá. Mọ́kàndínlógún, ìyẹn tàná. Mò ń kọ ọ́ dè ọ́ lójoojúmọ́, ọmọ mi. Nígbà tí mi ò rí ọ, mo rò pé ibà ti mú ìwọ náà. Mo ń gbàdúrà fún ọ ni."

Bó ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkàn kan ní kó kọ mọ́kàndínlógún yẹn nìkan: ibà lè pọ̀ lójijì, ta ni yóò wádìí? Ṣùgbọ́n àdúrà obìnrin náà kò jẹ́ kó gbádùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún olóòtú.

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọkọ̀ oògùn ò gòkè fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí wa."

"Nítorí tèmi ni, sà."

"Wọn ò mọ̀ ọ́. Ìwé ìròyìn ni wọ́n mọ̀. Jókòó. Ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ àtúnṣe náà."

Àtúnṣe jáde lójú ìwé àkọ́kọ́, ọkọ̀ sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn òkè gòkè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, ó gbọ́ tí wọ́n ń pe ìwé náà ní ìwé onírọ́. Olùkọ́ ìṣirò padà wálé láti ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá télọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé olùkọ́ náà, tí ibà mú lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, kò padà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé oògùn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ì bá gbà á là. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe òun.

Àǹtí rẹ̀ ka àtúnṣe náà lórí ibùsùn.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tó ń ka ìwé yìí," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ó rẹ gbogbo wa. Ọjọ́ tí o kò bá lè dé ibẹ̀, kọ ọ́ pé o kò dé ibẹ̀. Àyè òfìfo kì í pa èèyàn."

Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló tún fi gun òkè náà. Lọ́jọ́ kan, òjò líle sọ àtẹ̀gùn di odò. Ó kọ ọ́ síwèé pé: "Orí òkè: a kò rí iye gbà lónìí." Olóòtú tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí awakọ̀ oògùn kà á, ó gòkè lọ fojú ara rẹ̀ wò ó, ó sì bá aláìsàn tuntun mẹ́fà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́: àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bo àárẹ̀ tirẹ̀ ti gbé e ru ẹlòmíràn, kò sì mọ ẹni tí yóò wó mọ́.