Jíìpù Tí Sùlíyá Kọ̀ Láti Wà

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí Sùlíyá fi tẹ́ páálí, tó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ jíìpù ilé iṣẹ́ wọn ní Àgídìngbì. Ilé iṣẹ́ náà ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, òun sì ni awakọ̀ tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi tí ọ̀nà kò ti dára. Lánàá, bó ṣe yí sítíárìn sápá ọ̀tún, ó gbọ́ kó-kó-kó. Ìró yẹn ló gbé e dìde láàárọ̀ kùtù.

Ó tan tọ́ṣì. Gírísì ti fọ́n sára ríìmù táyà iwájú. Rọ́bà ṣáàfù, ìyẹn rọ́bà tó bo oríkèé irin tó ń yí táyà, ti ya. Ẹnìkan ti gé tíúbù táyà àtijọ́, ó fi dì í yípo bí ẹni di ojú egbò.

Ó jáde. "Ta ló so rọ́bà yìí?"

Àkànjí, mẹkáníìkì wọn, ń mu kókó nídìí géètì. "Èmi ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo bá yín mánéèjì ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Rọ́bà lásán-làsàn! Ọkọ̀ ń rìn, o ń wá wàhálà lọ sábẹ́ ẹ̀."

Ọ̀gá Fọlárìn, tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀, yọ sí wọn. "Sùlíyá, kí lo ṣì ń ṣe níbí? Òkè lẹ máa gùn lónìí. Ẹ máa lọ."

"Ẹ má bínú, sà. N kò ní wà á."

"O ní kí ni?"

"N kò ní wà á. Rọ́bà ṣáàfù ti ya."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá iṣẹ́ rẹ níta. Ṣé o mọ̀?"

Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ àwọn ọmọ Sùlíyá méjèèjì. Ṣùgbọ́n Muhydeen àti Uswat, àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gbé lọ, ti gbé àpò irinṣẹ́ wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òun ni wọ́n fẹ̀mí wọn lé lọ́wọ́.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú tíúbù náà, ó fìka ha gírísì, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá. "Ẹ fi ìka méjì ra á."

Ọ̀gá Fọlárìn ra á. Ó dáwọ́ dúró. "Iyanrìn?"

"Iyanrìn ni. Gírísì ń jáde, iyanrìn ń wọlé, irin ń jẹ irin. Bó bá já lórí òkè, táyà kò ní lágbára mọ́. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ á máa yí sí."

Àkànjí rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá. Ẹ̀rù obìnrin ni. Mo so ó dáadáa."

"Ó dáa." Sùlíyá na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ so ó, ẹ gbà. Ẹ gbé wọn gun òkè náà."

Àkànjí wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ife kókó rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Mo... mo ní ọkọ̀ kan tí mò ń tú ní Onígbòǹgbò."

Muhydeen pariwo: "Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ṣe dáadáa, ẹ̀yin náà ò lè wọ̀ ọ́!"

Ọ̀gá Fọlárìn kò rẹ́rìn-ín. "Àkànjí, tú u. Ọkọ̀ yìí ò lọ síbì kankan. Sùlíyá, kọ́kọ́rọ́ rẹ ni, mú un dání."

Nígbà tí wọ́n tú u, iyanrìn ti jẹ oríkèé náà kọjá àtúnṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rọ́bà tuntun àti gírísì ìbá ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa jíìpù, ẹ máa yẹ ẹ̀yìn táyà iwájú wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ti ọ̀nà ẹrẹ̀ dé. Gírísì tó fọ́n sára ríìmù ń sọ fún yín pé rọ́bà ti ya. Bí kò bá tíì dún, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ oríkèé náà mọ́, kí wọ́n fi gírísì àti rọ́bà tuntun sí i. Bó bá ti ń dún kó-kó-kó, ẹ má gbé e jáde. Oríkèé gan-an ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti jẹ. Ẹ má gba tíúbù táyà dípò rọ́bà ṣáàfù. Àwáwí ni, ìfiṣòfò sì ni.

Bí mẹkáníìkì yín bá ní kò séwu, ẹ na kọ́kọ́rọ́ sí i.