Líìgì Ẹlẹ́rẹ̀

"Góòlù méjì la gbá wọlé!"

Ohùn àbúrò ti há. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àpótí tí ìyá wọn fi sílẹ̀ sáyé, ó ń fi àkísà tútù nu ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ta ni ẹ̀yin?"

Àbúrò dárúkọ ẹgbẹ́ òkè òkun kan. Ẹnu rẹ̀ lọ́ra díẹ̀ kó tó parí rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n ń gbá fún ẹgbẹ́ ìlú wọn nínú líìgì orílẹ̀-èdè. Nígbà kan, èèyàn a máa gun orí ọgbà kó lè rí pápá yẹn. Tẹlifíṣọ̀n ti kó wọn lọ tán. Àjọ líìgì sì ti kìlọ̀: bí òǹwòran kò bá pé igba níbi ìdíje ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n á yọ ẹgbẹ́ ọ̀hún kúrò nínú líìgì.

Àbúrò ló ṣèlérí. "Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ogójì ọmọ kíláàsì wa ni mò ń kó bọ̀."

Ó kó wọn dé ẹnu ọ̀nà pápá lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu ti yọ ṣùtì. "Líìgì ẹlẹ́rẹ̀ yìí lo ní ká wá wò? Èyí tí ewúrẹ́ ń bá wọn gbá?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti àbúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú wọn lọ sílé ìwòran tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù òkè òkun hàn.

"Bọ̀dá, èèyàn mélòó ló wá?"

"Ọgọ́jọ ó lé méje. Ogójì tìrẹ ìbá ti tó, ìbá tún ṣẹ́ kù."

"Ẹ má bínú. A ó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ wo? Wọ́n ti yọ wá." Ó ju àkísà sínú korobá. "Àwọn tó o ń hó fún, ta ló mọ̀ ọ́ nínú wọn? Èmi tí mo fi orúnkún yìí ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ, èmi lo tijú láti wò. O kó mi nírìíra."

Kò pariwo. Ìyẹn ló dun àbúrò jù.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹlẹ́nu rí i lọ́nà, ó tún rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò burú láti wo bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun a ní là á náání; ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹni tó bá ta tirẹ̀ nù nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ ọ̀hún kò ní bá a ru àdánù rẹ̀.