Ọ̀rọ̀ Kan Tó Tẹ̀lé "Ẹ Ṣé"

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Ọbádélé lóminú ni pé èdè Yorùbá ni ọkùnrin náà fi kí wọn.

Ó ti tó ìdajì wákàtí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Christiana, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó gbé Pamílẹ́rìn, àbíkẹ́yìn wọn, lé ẹsẹ̀. Tolúlọpẹ́, àkọ́bí, ń fi páálí fẹ́ àbúrò rẹ̀. Ọbádélé fúnra rẹ̀ dúró níwájú ọkọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo èéfín tó ń jáde níbẹ̀ bí ẹni ń wo ìwé tí wọ́n fi èdè àjèjì kọ. Ọ̀nà erùpẹ̀ náà kò ní ẹnìkan níwájú, kò ní ẹnìkan lẹ́yìn. Ohùn náà kàn wá láti ẹ̀gbẹ́ oko jéró tí wọ́n ti kórè, ó rọra, ó sì fà díẹ̀ ní ìparí:

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o."

Ẹ̀rù ló yẹ kó bà á, nítorí ohun tí etí ń gbọ́ nípa àwọn tó ń ti inú igbó yọ sí èèyàn lóde òní. Ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu ló gba ipò ẹ̀rù. Ta ló sọ fún ọkùnrin yìí pé Yorùbá ni wọ́n?

Ọjọ́ Sátidé tó ṣíwájú Àjíǹde ni. Ọbádélé ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ nípa àwùjọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Sókótó. Arkilla ni wọ́n ń gbé. Danladi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló yá wọn ní oko máńgòrò rẹ̀ létí odò, kọjá Kasarawa, kí àwọn ọmọ lè pàgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Danladi kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe kúrò lójú títì. Ọbádélé rí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó dí títì pa, ó sì yà sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí fánbẹ́líìtì já, tí rádíétọ̀ hó.

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

"Bàbá Tolú, ìwé lẹ kà," ni Christiana wí, "ẹ ò ka ọ̀nà."

"Dádì, ṣé ibí náà la máa pàgọ́ sí ni?" ni Tolúlọpẹ́ béèrè. "A ti ní ẹní, a ti ní igi. Odò nìkan ló kù."

Ọbádélé fẹ́ fi hàn pé òun kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé jẹ́ríkàn omi mímu wọn, ó dà á sínú rádíétọ̀ títí ó fi tán, kó tó rí i pé páìpù ìsàlẹ̀ ti là, àti pé abẹ́ ọkọ̀ ni omi náà ń bá lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Pamílẹ́rìn sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ̀rín tán. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sì ni wọ́n bí i mọ́. Oòrùn àti òùngbẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Fóònù kò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ara ọmọ náà ti ń gbóná, ó sì ti dẹ́kun ẹkún, èyí tó burú ju ẹkún lọ.

Ọkùnrin tó kí wọn náà ti dé ìtòsí ọkọ̀. Àgbàlagbà ni, ó wọ jálàbíà tó ti ṣá, ó ká apá rẹ̀ sókè. Obìnrin kan tẹ̀lé e, ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́tù omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jummai nìyí, aya mi," ni ọkùnrin náà wí. Ó yíjú sí obìnrin náà. "Kai musu ruwa."

Jummai gbé omi lọ sábẹ́ igi. "Sannu, Hajiya," ni ó wí jẹ́jẹ́. Christiana gba kẹ́tù náà láìgbójú sókè. Ó ti fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó ń fi omi sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọbádélé rò pé oòrùn ló ń sá fún.

Ohun kejì tó ṣàjèjì ni èyí tí ọkùnrin náà kò béèrè. Ní Sókótó, bí Yorùbá méjì bá pàdé, wọn kì í tíì bọ ara wọn lọ́wọ́ tán tí wọ́n á ti máa bi ara wọn: ará ibo ni yín, agboolé wo, ṣé ẹ mọ lágbájá? Ọkùnrin yìí kò béèrè nǹkan kan. Ó wo ọkọ̀ náà, ó mi orí.

"Ta ló ta èyí fún yín?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, sà."

"Kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín."

Ọbádélé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà mú sukudiráfà gígùn kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó di ojú. Ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí èèyàn lè gbọ́ nínú irin tó ti kú. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ kékeré. Ọbádélé kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ènìyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wo ọwọ́ òsì tó di sukudiráfà mú. Ọmọńdinrín rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Fánbẹ́líìtì ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gé e ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí Christiana ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Ọbádélé lọ́jọ́ tó lọ tọrọ ìyàwó. Ìyàndá lorúkọ bàbá ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Christiana, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Kódà Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀. Ó sì ti di ọdún mẹ́rin báyìí tí ó ti kú.

Kì í ṣe pé wọ́n sọ fún Ọbádélé pé ó kú. Ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Pamílẹ́rìn lọ́sẹ̀ náà, Christiana kò lè dìde lórí ibùsùn, Ọbádélé nìkan ló rin ìrìn àjò náà lọ sílé. Òun ló fa aṣọ funfun bo ọwọ́ òsì yẹn. Ó rántí bí ó ṣe tutù.

Ó gbìyànjú láti ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Ojú èèyàn a máa jọra. Oòrùn a máa dààmú ọpọlọ. Ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa àkúdàáyà rí, àwọn òkú tí a gbà gbọ́ pé wọ́n ń lọ tẹ̀dó sí ìlú tí ẹnìkan kò ti mọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń fẹ́ aya, tí wọ́n ń bímọ, títí ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ bá pè wọ́n ní orúkọ tó fi mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n á pòórá. Ó ti sọ ọ́ ní kíláàsì pé ìbànújẹ́ ló dá ìtàn náà sílẹ̀ láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ìyàwó yín ò kọjú síbí," ni ọkùnrin náà wí lójijì, láìla ojú.

"Orí ń fọ́ ọ, sà."

Ọkùnrin náà la ojú. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ìgbà yẹn ni Ọbádélé wá rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an, yálà ó gbà á gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́. Bí Christiana bá yíjú pẹ́rẹ́, yóò ké "Bàbá mi!" Ọdún mẹ́rin ló ti ń sunkún pé òun kò rí i sin. Bí ó bá ké, tí ìtàn náà sì jẹ́ òtítọ́, kò ní sí ẹni tí yóò tún ọkọ̀ ṣe, ọmọ yóò sì kú sábẹ́ igi. Ó sún díẹ̀díẹ̀, ó fi ara rẹ̀ dí àárín ọkọ̀ àti igi. Ó ń gba ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́. Ó fa rọ́bà inú táyà kan yọ nínú àpò, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ ọ, ó so ó yí àgbá ẹ́ńjìnnì po dípò bẹ́líìtì. Ó fi òmíràn di páìpù tó là. Jummai bu omi wá lẹ́ẹ̀mejì láti kànga kan tí Ọbádélé kò rí. Nígbà tó tán, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

"Jí," ni ó wí. "O ti sùn tó."

Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà nìyẹn, sí ọkọ̀ gbogbo. Ọbádélé yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Christiana gbé ọmọ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìborùn lójú, ó ń wo ilẹ̀. Tolúlọpẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá náà, òun náà wọlé. Ọmọdébìnrin náà kéré nígbà tó rí i kẹ́yìn. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ku kí wọ́n lọ. Ọbádélé ti mú jíà. Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu òógùn, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

A kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà kí a sì gé ọpẹ́ náà kúrú. Wọ́n ti fi èyí tọ́ Ọbádélé dàgbà. Ahọ́n rẹ̀ kò dúró béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó sì sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọdún mẹ́wàá:

"Ẹ ṣé o, Bàbá Àbẹ̀kẹ́."

Nígbà tó gbé orí sókè, oko jéró ló rí.

Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Bàtà rọ́bà méjì dúró lórí erùpẹ̀ náà, ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó kọjú sí ọkọ̀, sukudiráfà sì wà nílẹ̀ láàárín wọn.

Jummai ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ pẹ̀lú kẹ́tù òfìfo. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó wo bàtà náà. "Ina ya tafi?" ni ó béèrè. Níbo ló gbà lọ? Ó tún un béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

Ọbádélé di sítíárìn mú. "Ìyá Tolú," ni ó wí, "mo... ọkùnrin yẹn..."

"Mo gbọ́ yín."

Ó wo inú dígí. Christiana ti ká ìborùn kúrò. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀.

"Láti ìgbà tó ti sọ pé ẹ kú ewu ọ̀nà ni mo ti mọ ohùn bàbá mi," ni ó wí, kò sì gbé ohùn sókè rárá. "Mo fi eyín di ahọ́n mú. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi, mi ò wò ó, kó lè bá wa tún un ṣe, kó sì lè padà sílé rẹ̀. Gbogbo àsìkò yẹn, Bàbá Tolú. Ẹ̀yin ò lè pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré."

Níta, Jummai ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ rẹ̀ sínú oko, "Malam! Malam!" Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Christiana ṣí ilẹ̀kùn.

"Zo, ki shiga," ni ó sọ fún obìnrin náà. Wá, wọlé. "Ọmọ mi ò lè dúró. A máa jọ padà wá wá a." Jummai wo bàtà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé e, ó wọlé pẹ̀lú rẹ̀ ní àyà.

Wọ́n ti ń sáré. Rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì ń dún kín-ín-kín-ín, ṣùgbọ́n kò já. Jummai ti sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀, obìnrin ni, kò lè ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ọmọ náà na ọwọ́, ó di ìka Christiana mú. Christiana wo ọwọ́ kékeré náà, ó sì rọra tú u wò. Ọwọ́ òsì ni. Ọmọńdinrín rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, ó mọ́, kò ní àpá.

"Kí ló gé e?" ni ó fi Haúsá béèrè.

"Haka aka haife ta," ni Jummai dáhùn láàárín omijé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Nínú dígí, Ọbádélé rí ojú ìyàwó rẹ̀ tó tú ká, ó rí i tó tẹ orí sí ọmọ náà bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń tẹ orí sí àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ó rí ẹnu rẹ̀ tó là láti kí i, láti wá nǹkan tí yóò pè é. Lẹ́yìn náà ni ó rí i tí ó gbé ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, tí ó sì fi í síbẹ̀.

Láti ibẹ̀ dé Sókótó, kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni lórúkọ.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba Pamílẹ́rìn lọ́wọ́ wọn kíákíá, wọ́n fi omi sí i lára. Dókítà ní wọ́n tètè gbé e dé. Ìdajì wákàtí sí i, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀. Ọmọ náà la ojú, ó ń wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan fa ìwé sún mọ́ra, ó mú bírò.

"Kí lorúkọ ọmọ?"

Ọbádélé wo Christiana. Christiana wo ọmọ tó ń mí lórí ibùsùn.

"Ẹ̀yin òbí, mo ní kí lorúkọ rẹ̀?"

Àwọn méjèèjì ń rántí bàtà òfìfo tó kù lórí erùpẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ pe ọmọ náà lórúkọ.