Aago Ọwọ́ Tehmina

"Ohun tí o sọ ní kóòtù àkọ́kọ́ náà ni kí o tún sọ o, Tehmina," Latif, àbúrò bàbá rẹ̀, ń sọ fún un létí bí wọ́n ti jókòó sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìlú Multan. "Àsìkò omi tiwa ni. Dítà ló ń jí omi wa lò. Ó parí!"

Tehmina gbójú sókè. Àjà kóòtù náà ga débi pé àwọn àdàbà ń fò lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ kó wúkọ́.

Ní abúlé wọn, aago ni wọ́n fi ń pín omi odò tí ìjọba là wọ oko. Bí àsìkò ẹnì kan bá ti tó, yóò dí ojú omi ẹni tó ṣáájú rẹ̀, yóò ṣí tirẹ̀. Tehmina ló ń wo aago fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sarmad. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ké sí i pé àsìkò ti tó. Dítà àgbà, tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà, ní kò tíì tó. Ọ̀rọ̀ di ariwo, Sarmad sì fi ṣọ́bìrì là á lórí.

Ìwé tí wọ́n kọ àsìkò omi oníkálùkù sí fi hàn pé ó ṣì ku ogún ìṣẹ́jú fún Dítà. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ṣe ni Sarmad mọ̀ọ́mọ̀ lọ fipá gba omi olómi. Ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Tehmina nìkan ló mọ̀ pé òun ti sún aago ọwọ́ òun síwájú kí òun má baà pẹ́ dé ibi ìdánwò ilé-ìwé, tí òun sì gbàgbé. Ìtìjú dí i lẹ́nu fún ọdún kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tó jẹ́wọ́ fún agbẹjọ́rò wọn, ìyẹn sì bẹ kóòtù pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀.

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," Latif tún ní. "Ojú wo la ó fi wo ará abúlé?"

Wọ́n pe Tehmina. Ó wo àpá tó gùn dé ẹ̀yìn etí Dítà.

"Olúwa mi, irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí. Dítà ló ni omi. Èmi ni mo sún aago síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi gbà mí gbọ́ ni."

Dítà bá dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Olúwa mi, orí yìí ṣì ń fọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn ń pariwo lọ́jọ́ náà pé, 'Ẹ wo aago!' Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òótọ́ lọmọ yìí sọ."

Ẹnu ya Tehmina. Ẹni tí wọ́n là lórí ló ń gbè wọ́n yìí! Gbogbo gíga kóòtù náà kéré lójú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá arúgbó yìí.

"Àṣìṣe aago kò ní ká la èèyàn lórí," adájọ́ ní. "Ṣùgbọ́n Sarmad kì í ṣe ẹni tó gbèrò ibi." Ó dín ọdún mẹ́wàá kù sí mẹ́rin.

Nígbà tí Tehmina lọ wo Sarmad lẹ́wọ̀n, ó bú sẹ́kún. "Ẹ dárí jì mí, aago mi ló fà á."

"Aago kọ́ ló la Dítà lórí, ọwọ́ mi ni," Sarmad ní. "Ká ní mo béèrè ni, ká ní ìwọ náà tètè sọ ni, ibí kọ́ là bá ti máa rí ara wa."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àmọ́ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ló ń ka àwọn ọjọ́ tó wà láàárín. Lónìí, kí Tehmina tó fọwọ́ kan ojú omi, yóò kọ́kọ́ ké sí òdìkejì oko:

"Bàbá Dítà, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù lọ́wọ́ yín?"