Ọ̀dán Inú Àwo Amọ̀

Àpá wáyà ni mo bá lọ́rùn ọwọ́ mi láàárọ̀ Sátidé náà, bẹ́ẹ̀ n kì í wọ ẹ̀gbà. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, Dádì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń we wáyà mọ́ ẹ̀ka ọ̀dán rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ igi náà. Ọ̀dán tó yẹ kó ṣíji bo àdúgbò, inú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ ló wà, kò ga tó orúnkún, ó sì gbó bí arúgbó. Bọ́nsáì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Látìgbà tí Dádì ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, kò níṣẹ́ méjì: ó ń gé ẹ̀ka, ó ń rẹ́ gbòǹgbò, ó ń fi wáyà kọ́ igi ní ìtẹríba.

Èmi náà kò ga. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, bàtà ọmọ iléèwé ni mò ń rà. Wọ́n á ní, "Moṣọpẹ́, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," èmi náà á sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ọ̀nà. Joel, àfẹ́sọ́nà mi, ń gbé ní Abẹ́òkúta, n kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Odogbolu, ìdodo mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹsẹ̀ mi á kú, àfi kí wọ́n dá mi padà. Àwọn dókítà kò rí nǹkan kan. Joel ní òun á fi ọkọ̀ wá gbé mi lọ́jọ́ náà, pé bí n kò bá tẹ̀ lé òun, á jẹ́ pé n kò fẹ́ òun nìyẹn.

Mo jáde lọ bá Dádì.

"Dádì, ẹ wo ọwọ́ mi."

Ó wò ó. Kò yà á lẹ́nu, ohun tó dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Ó rọra tú wáyà náà, ìrora ọwọ́ mi sì dẹ̀.

"Kí lẹ sin sínú àwo yìí tí wáyà igi fi ń dé ara mi?" Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, bí ẹni pé igi náà ń gbọ́.

"Ìwọ́ rẹ ni. Ilé àyágbé là ń gbé nígbà tá a bí ọ. Mi ò fẹ́ sin ìwọ́ ọmọ mi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ni mo bá gbin ọ̀dán lé e nínú àwo, pé ibi yòówù ká kó lọ, a ó gbé e dání."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń gé e?"

"Ìyá rẹ wọkọ̀ Èkó, kò dé ibẹ̀, kò sì padà wálé. Mo wá rí i pé bí mo bá ti rẹ́ gbòǹgbò, ìwọ kì í jìnnà sí mi." Ó fọwọ́ kan ewé igi náà. "Mo fẹ́ràn rẹ, Moṣọpẹ́."

Inú bí mi débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ Joel dún lẹ́nu géètì. Mo ní kò burú, ohun tó ṣeé gbé ni, màá gbé e dé Abẹ́òkúta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di àwo mú, kò mì. Dádì bá mi gbé e, kò mì. Ó fi ìka wa iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Gbòǹgbò kan, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ti gba ihò tí omi ń gbà jáde nínú àwo wọnú ilẹ̀ lọ.

"Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀," ó ní. Ó na àlùmọ́gàjí ńlá sí mi. "Mi ò lè gé èyí. Ìwọ ni kó o gé e."

Mo fi ẹnu irin kan gbòǹgbò náà, kò tíì wọlé rárá tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lára aṣọ mi, níbi ìdodo.

Joel pe orúkọ mi láti ìta. Mo fẹ́ dáhùn, ọ̀fun mi ti gbẹ, ẹsẹ̀ mi kò sì ṣí. Ó pè, ó pè, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Mo dá àlùmọ́gàjí padà fún Dádì. Mo fa garawa omi sọ́dọ̀, mo rọra bù ú sídìí ọ̀dán, ọ̀fun mi sì tutù.