Ti Inú àti Ti Ìta

Ọkùnrin kan na ọ̀pá irin kékeré kan sí ara ewé kòkó, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Àpótí tó gbé kọ́ èjìká ń ta pá, pá-pá, pá, bíi gúgúrú nínú agbada. Títíladé sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀. Oko baba òun nìyí, lẹ́yìn Olódò. Ta ló ní kí ọkùnrin yìí wọ̀ ọ́?

"Dókítà, ṣé ibà ló ń ṣe kòkó wa ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ, mà. Bàbá yín mọ̀ sí i. Ajílẹ̀ tí ẹ̀rọ yìí lè gbọ́ la fi sí ìdí rẹ̀, a fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gùn ún dé ewé."

Olúmúyìwá ni, tí wọ́n ń pè ní Múyì, ará Adegbayi, ẹni ogójì ọdún tí ń bá àwọn onímọ̀ kòkó gbé ẹ̀rọ kiri. Títíladé kò kéré sí i púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún òmìnira, ó sì padà sílé baba. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà á: ẹ̀rù ojú ayé, ẹ̀rù ẹnu baba rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Múyì ń wá.

"Ẹ má tẹ ibi tí a fi okùn yí ká yẹn o. Bẹ́tà ń ta níbẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́tà?"

"Ẹ mọ iná tí ń tàn ní Ìbàdàn? Ohun kékeré tójú ò lè rí ló ń rìn nínú wáyà rẹ̀, ẹlẹ́kítíróònù. Ìta ló ń gbé, ní àyíká kóró kékeré tó wà láàárín ohun gbogbo. Inú kóró gan-an ni bẹ́tà ti ń ta jáde ní tirẹ̀, pẹ̀lú eré tó lè jó ni lára."

"Wọ́n yàtọ̀ síra nìyẹn."

"Ohun tí àwọn òyìnbó rò nìyẹn tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ méjì. Ìgbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, ọ̀kan náà ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Títíladé. Nílé, Àjíkẹ́. Ṣé ẹni méjì ni yín?"

"Ta ló sọ fún yín pé Àjíkẹ́ ni mí?"

"Ewé kòkó ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Múyì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, wọ́n wá tọrọ rẹ̀. Bàbá Ọláníran, baba Títíladé, fi ara balẹ̀, ó ní kí wọ́n ka ìran wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí baba ńlá wọn, abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àkànbí? Àkànbí ẹrú? Baba mi ló rà á nígbà ogun! Ilà wa ló wà lójú yín, àbí ẹ ò mọ ẹni tó kọ ọ́ fún un?"

Títíladé yíjú sí Múyì. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó dùn ún wọ egungun. Síbẹ̀ òun náà mọ ẹ̀rù. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, bí a ti bí ẹrú náà la bí ọmọ. Ti inú, ti ìta, wọ́n wọ̀n wọ́n, ọ̀kan náà ni."

"Ta ló wọ̀n wọ́n? Òṣùwọ̀n ti òyìnbó nìyẹn. Bí o bá tẹ̀ lé e jáde, Àjíkẹ́, má padà wọlé yìí mọ́. Bí mo bá kú, má wá."

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Títíladé kò kí Múyì. Ó kàn bi í pé, "Ti inú yẹn, bó bá ta jáde, ṣé ó lè padà?"

Múyì pa ẹ̀rọ náà. "Kò lè padà. Kóró tí ó ti inú rẹ̀ jáde pàápàá kì í jẹ́ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ajílẹ̀ tiwa yìí, bó bá ti ta bẹ́tà jáde báyìí, imí-ọjọ́ ló ń dà."

"Ẹ ò tilẹ̀ lè purọ́ fún mi!"

"Mo ti fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ fún ọ rí, Àjíkẹ́ mi. Mi ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní kí Múyì lọ bá àlùfáà dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Nínú oṣù Kejìlá, ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Adegbayi, àwọn ará ilé Múyì kún apá ọ̀tún. Kò sẹ́nìkan lápá òsì tí í ṣe ti ará ilé ìyàwó. Títíladé wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta.

Àlùfáà bèèrè pé, "Ta ló fa obìnrin yìí lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́?"

Títíladé gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ kọ́ ni ìyàwó?"

"Èmi náà ni. Kò sẹ́lòmíràn."

Àlùfáà wo àwọn àga òfìfo náà títí, ó sì ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn.